Kí Ló Ń Mú Nǹkan Tọ́jọ́?

   

Tí ẹ bá dúró létí ìsọ̀ aláṣọ tàbí ti ẹni tó ń ta kòkò lọ́jọ́ ọjà, ìbéèrè kan wà tí ẹ ó gbọ́ kí ọ̀rọ̀ iye owó tó wáyé: “Ṣé èyí á tọ́jọ́ báyìí?” Ẹni tó ń tajà á ní, “Orígínà ni, ẹ lọ lò ó ná.” Lọ́dọ̀ òyìnbó tó ni ọ̀rọ̀ yẹn, ojúlówó ni, èyí tí kì í ṣe àdàkọ. Lọ́jà tiwa, ohun tó dúró fún ju bẹ́ẹ̀ lọ: aṣọ tí kì í ṣí, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í já, tọ́ọ̀ṣì tí kì í kú lọ́wọ́ ẹni láàárín oru. Oníbàárà gbọ́ orígínà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tú owó lẹ́tí aṣọ. Ohun tó wà lọ́kàn olùtajà àti oníbàárà ni pé inú ọjà náà ni títọ́jọ́ wà, pé bí ó bá ti le, bí ó bá ti nípọn, ó parí.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo wo àwọn ohun tó pẹ́ jù lọ nílẹ̀ wa níhìn-ín ní Ìmẹ̀kọ, díẹ̀ ló jẹ́ ohun líle nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nírọ̀lẹ́ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí igi. Gbogbo wa la mọ igi apá, a sì mọ ìrókò. Ẹni tó bá fẹ́ odó tí ọmọ rẹ̀ yóò fi gúnyán fún ọmọ tirẹ̀, irú igi bẹ́ẹ̀ ni yóò wá lọ. Ilẹ̀kùn ààfin, òpó ilé, ìrókò la fi ń ṣe é, kí ikán má baà rí i jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi igi apá gbẹ́ ère ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ta ni yóò gbé e lórí jó? Orí ni wọ́n ń gbé ère yẹn lé. Ẹni tó gbé e máa jó títí aṣọ ara rẹ̀ á fi rin gbingbin, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dá ìyáàlù lóhùn, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún ní ìbámu pẹ̀lú ìlù, ọrùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Nítorí náà igi tó fúyẹ́ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá, igi funfun tó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, irú bí igi ìrè. Igi tó fúyẹ́ báyìí kì í pẹ́ láyé. Kòkòrò á lu ú, ọ̀rinrin á mú un, òòrùn á là á.

Ẹ wá wò ó o. Ohun tí àwọn baba wa fẹ́ kó pẹ́ jù, ohun tí wọ́n fi ń bẹ àwọn ìyá wa tó ní agbára, tí wọ́n fi ń tù wọ́n lójú kí òjò lè rọ̀ kí àrùn sì lọ, igi tó ń tètè jẹrà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n mọ igi líle, wọ́n ń fi í gbẹ́ odó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ẹni tó bá ti jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà ní ìpele. Tútù ni wọ́n ń gé igi, nítorí igi gbígbẹ ń bá irin jà. Àáké kékeré ni wọ́n fi ń lé ọ̀nà, kí orí, imú àti etí tó yọ ṣákálá láìní ojú. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, tí ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, tí ẹnu á yọ. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ dán an títí ara rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Fífín ló kẹ́yìn: ilà ojú, irun dídì, ẹsẹẹsẹ gèlè. Ìgbà tí ìyẹn bá parí ni ó tó kan àwọ̀. Láyé àtijọ́, ẹfun, osùn àti ẹ̀lú ni. Nígbà tí ọ̀dà inú agolo dé, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí ó mọ́lẹ̀ kedere lójú agbo.

Nígbà tí ọdún bá sún mọ́lé, wọ́n á gbé ère jáde, wọ́n á nu eruku rẹ̀, wọ́n á tún un kùn. Bí ẹ bá rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́ tí ọ̀dà ti ṣí lẹ́bàá etí rẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ibẹ̀. Lábẹ́ pupa ẹ ó rí búlúù, lábẹ́ búlúù ẹ ó rí funfun, lábẹ́ funfun ẹ lè tún rí pupa mìíràn tó ti ṣá. Ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà kan tí ẹnì kan rántí, tó ra ọ̀dà, tó jókòó sábẹ́ igi tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún. Èmi kò mọ ìwé ìtàn tó wù mí bí ìyẹn.

Bó bá wá di pé ère ti gbó kọjá àtúnṣe, wọ́n á gbé iṣẹ́ òmíràn fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé kó jọ ti tẹ́lẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ojú gbọdọ̀ ní ìfarabalẹ̀ tó yẹ é, ṣùgbọ́n ohun tó wà lókè orí, ìyẹn ń bá ìgbà rìn. Ejò àti ẹyẹ wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, télọ̀ àti ẹ̀rọ rẹ̀ gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú gun orí rẹ̀. Alùpùpù gun orí rẹ̀. Èmi kò tíì gbọ́ kí àgbà kan sọ pé ìyẹn ba àṣà jẹ́.

Ti aṣọ ńkọ́? Gèlè àti ọ̀já ìpọnmọ ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń dì mọ́ ara òṣèré, wọ́n sì ń yá a lọ́wọ́ àwọn obìnrin ìlú ni. Ijó parí, ìyá ọmọ gba ọ̀já rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó rí ọmọ ọwọ́ tó ń sùn fọnfọn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú ọ̀já tó jó lójú agbo lánàá. Kò sí àpótí kan tí wọ́n ti ń kó gbogbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pamọ́. Lẹ́yìn ọdún, ó ti túká sí ilé mélòó kan, ó di ọ̀já, ó di gèlè, ó di igi tó wà lórí àjà. Bí ọdún bá tún dé, wọ́n á kó o jọ. Orin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin lóru ọdún yìí kò lè fi orin èṣí nìkan gbé e. Ìwà tí ìlú hù láàárín ọdún ló gbọdọ̀ sọ, kí àwọn tó kan lè gbọ́.

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún tí gbogbo ayé gbọdọ̀ tọ́jú, orúkọ Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló sì wà lórí rẹ̀ pọ̀. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni orúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́: ogún àfẹnusọ. Wọn kò ka iye igi. Orin, ìlù, ijó, ẹ̀kọ́ tó ń ti ẹnu bọ́ sí etí, ìwọ̀nyí ni wọ́n kà.

Ní ti àwọn ère tó wà nínú mùsíọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Párì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, inú mi dùn pé wọ́n wà. Ikán kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rinrin kò lè mú wọn. Bí ti àpótí gíláàsì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ nìkan bá ni, wọ́n lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ìlù mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń kùn wọ́n. Èyí tó ń dùn mí jù ni ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn: Yorùbá, a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ìlú wa yìí ní gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí orúkọ rẹ̀ kò sọnù bẹ́ẹ̀. Ní 1950 sí 1951, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wá sí Ìmẹ̀kọ. Òun náà ló kọ ìwé ńlá lórí Ifá tó jáde ní 1969, àwọn babaláwo ìlú wa sì wà lára àwọn tó gbọ́ Ifá náà lẹ́nu wọn. Nígbà tó wà níbí, ó fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Dúgà. Ó kọ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jáde nínú ìwé kan ní 1973, orúkọ Dúgà àti ti Ìmẹ̀kọ ló gbé sórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀nà Áfíríkà ní yunifásítì lónìí lè bá orúkọ ọmọ ìlú wa pàdé. Igi tí Dúgà gbẹ́, kòkòrò lè ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà, torí pé ẹnì kan béèrè, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi igi sílẹ̀, ká lọ sí Kétu lódìkejì ààlà, tí í ṣe orísun wa. Odi Kétu kì í ṣe odi kékeré. Yàrà jíjìn yí i ká, ẹnubodè Àkàbà Ìdènà sì jẹ́ ohun tí àlejò ń rí tí ẹ̀rù ń bà á. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, ẹ lọ wò ó. Bí líle bá tó, Kétu kì bá tí ṣubú. Ṣùgbọ́n ní 1886, ogun Dàhómì, nígbà ayé Glèlè ọba wọn, sé ìlú náà mọ́, ebi wọ inú odi, ìlú sì bọ́ sí ọ̀tá lọ́wọ́. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ, ìlú di ahoro. Ọdún mélòó kan ni koríko fi hù lójú àgbàlá Alákétu, ọba Kétu.

Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì tán, ní 1894, àwọn ọmọ Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àwọn tó sá wá sápá ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó bọ́ nínú oko ẹrú, wọ́n padà. Wọ́n ro igbó, wọ́n mọ ilé, wọ́n fi Alákétu jẹ. Odi tó wà nílẹ̀ kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tá, àwọn ni wọ́n padà wá gba odi náà lọ́wọ́ igbó.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kò rí ọ̀nà padà, àwọn tí wọ́n ti tà sókè òkun ṣáájú ìgbà náà. Ní Bahia lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tó pọ̀ jù ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí dòní. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tí wọ́n ń pè ní Alaketu. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé náà ni pé ọmọ ìdílé ọba Aró láti Kétu ló dá a sílẹ̀. Wọn kò gbé bíríkì kan láti Kétu. Wọn kò gbé igi. Orúkọ, orin àti oúnjẹ òrìṣà ni wọ́n gbé, wọ́n sì ń ṣe é lọ́dọọdún.

Ẹnì kan lè ní, “Ààlà tó wà láàárín wa àti Kétu ńkọ́? Ṣé òun náà kò ti pẹ́ ni?” Ó ti pẹ́. Ọjọ́ 10 oṣù Ògún, ọdún 1889, ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Párì, tí wọ́n fi ìlà pín wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ọmọ Kétu kan níbẹ̀. Ọmọ ìlú wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn jáde ní 1976, èyí tó ṣe àkójọ rẹ̀ lórí àwọn ará Áfíríkà tí ààlà pín sí méjì sì jáde ní 1985. Ẹni tó bá lè ka Gẹ̀ẹ́sì nínú yín, ẹ wá wọn rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń mú ààlà náà dúró. Ìlà lásán ni nínú igbó. Ọlọ́kọ̀ tó mọ ọ̀nà oko lè kọjá rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ti kọjá. Aṣọ́bodè ló ń mú un dúró, àti ọlọ́pàá, àti òpó tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, àti òfin tí wọ́n ń ṣe ní Àbújá àti ní Kùtọnu. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí owó ọkọ̀ àti sí ẹ̀rọ ìlọta. Ìjọba ń tún ààlà kùn bí a ṣe ń tún ère kùn. Ìdílé wa náà kò jókòó: ìyàwó ń ti ibí lọ sọ́hùn-ún, òkú àgbà ń kó ọmọ ilé méjèèjì jọ, bí ọdún bá dé, àwọn tó ń sọ Faransé nílé ìwé àti àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń jọ jó sí ìlù kan náà. Fún ọdún tó lé ní 130, ìlà kan àti ẹbí kan ń du ibi kan náà. Títí di ìrọ̀lẹ́ òní, ẹbí kò tíì sọ ilẹ̀ rẹ̀ nù.

N kò lè sọ̀rọ̀ nípa Ìmẹ̀kọ kí n má dárúkọ ìjọ Sẹ̀lẹ́. Káfíńtà ni Samuel Bilewu Oshoffa tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ó sì ń ta igi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, igi ẹ́bónì ló wá wọ inú igbó, igi dúdú tó le bí irin, tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó ń rì sínú omi. Ibẹ̀ ni ohun tó rí ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ fáwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Nígbà tó kú ní ọdún 1985, Ìmẹ̀kọ níbí ni wọ́n sin ín sí. Àwọn ọmọ ìjọ ti bá ara wọn dé kóòtù lórí ipò olórí láti ìgbà náà, gbogbo ayé sì mọ̀. Síbẹ̀, bí Kérésìmesì bá dé, ẹ lọ dúró lójú títì: ọkọ̀ láti Èkó, láti Kùtọnu, àwọn tó wọkọ̀ òfuurufú láti ìlú òyìnbó, aṣọ funfun bo gbogbo ọ̀nà, bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ́bónì tí káfíńtà yẹn ń wá lọ, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìrìn àjò tí àwọn ènìyàn ń tún rìn lọ́dọọdún ló kù.

Ilé amọ̀ tí a bí púpọ̀ nínú wa sí kò yàtọ̀. Bí ènìyàn bá ń gbé inú rẹ̀, tó ń rẹ́ ara ògiri lẹ́yìn òjò, tó ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ rẹ̀, tó ń dí ibi tí páànù ti lu, ó lè gba ìran mẹ́ta. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé kan náà, kí ẹ gba Èkó lọ. Kò ní pẹ́ kí ògiri tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Amọ̀ kan náà ni o, òjò kan náà.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo ní ohun kan tí mo ń bẹ̀ yín sí, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ẹnu lásán. Ẹnì kan ní láti béèrè kí orúkọ Dúgà tó wọ ìwé. Ilé wà ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìdọ̀fà, ní Ìlárá, tí baba ńlá wọn jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, tàbí onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tàbí ẹni tó ń kọrin ẹ̀fẹ̀, tí ọmọ ilé náà kò lè dárúkọ ju ẹnì kan lọ mọ́. Ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ béèrè pé, “Bàbá, ta ló gbẹ́ èyí? Ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́? Ọmọ ta ló kọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Igi wo ni wọ́n lò, níbo ni wọ́n ti gé e?” Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé ọmọ yín tó ń lọ sílé ìwé, ẹ kọ orúkọ ìyá oníṣẹ́ náà sí i, kí ẹ sì kọ déètì. Bí ère bá ṣì wà lórí àjà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ kí òjò tó dé, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán tí ikán lè bá a. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣí, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kùn, kí ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan dúró tì í tí yóò máa gbé agolo ọ̀dà fún un.